Ẹ Bi Ìyá Tíṣà: Ṣé Kí Ẹgbẹ́ Wa Di Ẹgbẹ́ Òṣèlú Tó Dá Dúró?

Ìbéèrè kìíní

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ sósíálíìsì kékeré kan. Àwa 140 la ń san owó oṣù déédéé, ní Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́ àti Èkó. Àwọn tíṣà wà nínú wa, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tẹ́lọ̀, àwọn mẹkáníìkì àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Láti ọdún tó kọjá ni àríyànjiyàn kan ti fẹ́ tú wa ká. Àwọn kan ní kí a lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ INEC, kí a di ẹgbẹ́ òṣèlú tiwa. Àwọn kan ní kí a wọnú ẹgbẹ́ ńlá kan, kí a ti inú ibẹ̀ fa èèyàn wa kalẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ṣe ní Amẹ́ríkà tí Zohran Mamdani fi di méyọ̀ ìlú New York. Àwọn kẹta ní kí a má bá ìdìbò ṣe rárá, kí a gbájú mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Àpérò wa ku oṣù méjì. Kí ni ẹ rí sí i?
— Akọ̀wé, Ilé-Ifẹ̀

Ìdáhùn

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ kí n tó mú bírò. Ọ̀rọ̀ yìí ti gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ èmi náà, nítorí náà jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Ó yẹ kí ẹ di ẹgbẹ́ òṣèlú tó dá dúró. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì lọ sí Àbújá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì lè dà bí ẹni tó ń ta kora, jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Mi ò ní pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ní kí ẹ má bá ìdìbò ṣe. Abala 221 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé kò sí ẹgbẹ́ kankan, àfi ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan, tó lè polongo ìbò fún ẹnikẹ́ni tàbí dá owó sí ìnáwó ìdìbò rẹ̀. Òfin kan náà kò gba ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ láyè láti díje. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tilẹ̀ ti gbogbo ọ́fíìsì pa fún oṣù kan, lọ́jọ́ ìdìbò, àmì àwọn tí wọ́n bá jà náà ni wọn yóò bá lórí ìwé. Àwọn òbí wa rí i. Ní Oṣù Kẹfà 1964, àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà da iṣẹ́ sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí owó oṣù, àwọn òṣìṣẹ́ Àríwá, Ìlà Oòrùn àti Ìwọ̀ Oòrùn jọ dúró ni, ìjọba sì gbà láti bá wọn dúnàádúrà. Nígbà tí ìdìbò dé ní Oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, ìbò wọn padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ńlá tó dá lórí ẹ̀yà. Dókítà Tunji Ọtẹ́gbẹ́yẹ, ọmọ Ìlaròó, ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́ àti àgbẹ̀ sílẹ̀ láti 1963. Ẹgbẹ́ wà, ìdaṣẹ́sílẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kò sí okùn tó so àwọn méjèèjì pọ̀ ní àdúgbò. Okùn yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ wò, nítorí òun ni lẹ́tà rẹ kò mẹ́nu bà.

Àwọn tó mú Mamdani wá, èmi náà bá wọn yọ̀ lọ́jọ́ tó wọlé. Mo jókòó ti rédíò títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdìbò abẹ́lé lọ́hùn-ún. Ìjọba ló ń ṣètò ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat ní New York. Ẹni tó bá ti kó ìbuwọ́lùwé àwọn olùdìbò tó pé, orúkọ rẹ̀ ti bọ́ sórí ìwé nìyẹn, bí inú àwọn olórí ẹgbẹ́ bá dùn tàbí kò dùn. Gbogbo olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ náà ló sì lè dìbò. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọkùnrin náà ṣe fẹ̀yìn Andrew Cuomo, tó ti ṣe gómìnà rí, gbálẹ̀ ní Oṣù Kẹfà 2025, kó tó tún borí rẹ̀ ní Oṣù Kọkànlá. Àwọn sósíálíìsì tó tì í lẹ́yìn, DSA, kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú. Láti 1982 ni wọ́n ti wà, ìjà tó wà láàrin yín yìí náà sì wà láàrin wọn di òní, bóyá kí wọ́n kúrò lára Democrat tàbí kí wọ́n dúró.

Tiwa ńkọ́? Ní 2022, APC ta fọ́ọ̀mù ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ní mílíọ̀nù 2 náírà, ti ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní mílíọ̀nù 10, ti ààrẹ ní mílíọ̀nù 100. Jẹ́ ká gbà pé ẹ̀yin 140 ń san 500 náírà lóṣù. 70,000 náírà nìyẹn lóṣù, 840,000 lọ́dún. Ẹ ó fi ọdún méjìlá dá owó kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo láti lọ ṣojú àwọn ará Ifẹ̀ l'Ábùújá, ẹ kò sì tíì jẹ ẹ̀kọ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Lẹ́yìn fọ́ọ̀mù lọ́dún náà ni ọ̀rọ̀ dẹ́lígéètì dé, tàbí kí wọ́n ní àwọn àgbààgbà ti fẹnu kò. Ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún Mamdani kò sí lára ilé tiwa.

Mi ò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Mo ti wọnú ẹgbẹ́ ńlá rí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwa mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, láti wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ní Òṣogbo, alága wọn ní wọ́ọ̀dù náà sì ṣàdéhùn fún wa: ẹ bá wa ṣiṣẹ́, a ó fún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì kánsẹ́lọ̀. Obìnrin kan tó ń ránṣọ la fà kalẹ̀. Ó mọ gbogbo ojúlé tí ẹ̀rọ omi wọn ti gbẹ, ó mọ iye ọdún tó ti gbẹ. Oṣù mẹ́ta la fi ń ti ilé bọ́ sí ilé. Èmi tíṣà ni mo ń kọ orúkọ àwọn tó bá gbà fún wa sínú ìwé ẹsasáìsì, orúkọ, ojúlé, ohun tó ń dùn wọ́n. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìdìbò abẹ́lé wáyé, wọ́n ní kí n mú ìwé náà wá, àwọn fẹ́ fi ṣètò. Mo mú un fún wọn. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdìbò ni wọ́n ránṣẹ́ sí wa pé tíkẹ́ẹ̀tì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọmọkùnrin kan tí kò gbé àdúgbò wa rí.

Ó tó bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn kí n tó tún rí ìwé mi. Ọmọ kan dì í mú níwájú ọkọ̀, ó ń ké orúkọ jáde, ẹni tí wọ́n bá pè á bọ́ síwájú gba kóńgò ìrẹsì. Mo mọ ìkọ̀wé mi láti òdìkejì títì. Tíkẹ́ẹ̀tì kò dùn mí tó ìyẹn. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta, ohun tí àwọn ìyá yẹn bá mi sọ ní ìdákọ́ńkọ́, òun ni wọ́n sọ di ìwé pínpín ìrẹsì. Nígbà tí a pe ìpàdé tiwa, mọ́kàndínlógún ló wá. Mi ò bú àwọn yòókù. Wọn kò mọ ibi tí ẹgbẹ́ wa parí sí tí ẹgbẹ́ ńlá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́, èmi gan-an ni mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Ó sì lè jẹ́ pé olórí ẹgbẹ́ ńlá gan-an ló fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yín, kó má sì tó. Ní Oṣù Kejì 1962, Action Group ṣe àpérò ní Jos, níbi tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti mú sósíálíìsì gẹ́gẹ́ bí ìlànà ẹgbẹ́. Ta ni ẹ fẹ́ kó lágbára jù ú lọ nínú ẹgbẹ́ yẹn? Síbẹ̀, ìjà òun àti Akíntọ́lá gbóná láti àpérò náà, kó sì tó di ìparí Oṣù Karùn-ún, wọ́n ti ń ju àga lu ara wọn ní ilé ìgbìmọ̀ n'Íbàdàn, ìjọba àpapọ̀ sì ti kéde pàjáwìrì lórí Ìwọ̀ Oòrùn. Ìlànà nìkan kọ́ ni wọ́n ń bá ara wọn jà sí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti fi ẹgbẹ́ kọ́lé, tí wọ́n sì fi ra oko kòkó, kò wù wọ́n kí ẹgbẹ́ kan náà wá máa sọ̀rọ̀ àjọni.

Ní báyìí, ó kan àwọn tó fẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́la. Ọkàn mi wà lọ́dọ̀ wọn, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ọjọ́ kẹfà Oṣù Kejì 2020, INEC pa orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú 74 rẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Socialist Party of Nigeria wà nínú wọn, ẹgbẹ́ tí àwọn kọ́mírédì wa dá sílẹ̀, tí wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n tó rí ìwé ẹ̀rí gbà. National Conscience Party ti Gani Fawẹhinmi náà wà níbẹ̀. Abala 225A ni wọ́n lò. Ó ní a lè pa orúkọ ẹgbẹ́ rẹ́ tí kò bá rí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò mú ní ìpínlẹ̀ kan nínú ìdìbò ààrẹ, tàbí ní ìjọba ìbílẹ̀ kan nínú ìdìbò gómìnà; tàbí tí kò bá rí wọ́ọ̀dù kan mú nínú ìdìbò alága kánsù, tàbí àga kan ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tàbí àga kánsẹ́lọ̀ kan. Ọ̀pọ̀ kọ́mírédì ló ń bú òfin yìí, ó sì tọ́ kí wọ́n bú u, nítorí ọdún kan péré lẹ́yìn ìdìbò tí orúkọ 73 wà lórí ìwé ìdìbò ààrẹ ni wọ́n fi lé àwọn tálákà jáde, wọ́n sì fi àwọn olówó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń bú u, mo tún ń ka ìparí rẹ̀: àga kánsẹ́lọ̀ kan. Lẹ́yìn gbogbo ìpàdé wa, gbogbo ìwé ìròyìn wa, a kò ní wọ́ọ̀dù kan tí a lè nàka sí.

Ìforúkọsílẹ̀ gan-an ṣòro fún yín ní báyìí. Òfin fẹ́ kí àwọn ìgbìmọ̀ aláṣẹ yín ti ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ wá, ìyẹn 24, pẹ̀lú olú ilé-iṣẹ́ l'Ábùújá. Ẹ wà ní mẹ́ta. Ẹ ó máa wá orúkọ kiri láti Zamfara àti Taraba, orúkọ ẹni tí ẹ kò bá jókòó rí, kí ìwé lè kún. Ẹgbẹ́ tí wọ́n bá kọ́ báyẹn, ẹni tó bá lówó lè wọlé kó gbà á. Wo Labour Party. NLC ló bí i ní 2002 pẹ̀lú orúkọ mìíràn, wọ́n sọ ọ́ ní Labour ní 2004. Mímíkò fi ṣe gómìnà Oǹdó, ó sì kó padà sí PDP ní 2014. Ní 2023 Labour gba ìbò 6,101,533 fún ààrẹ, ó tilẹ̀ mú Èkó, inú mi sì dùn sí àwọn ọ̀dọ́ tó ṣe é. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, ní Oṣù Kẹta 2024, àwọn NLC kan náà ló lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà olú ilé-iṣẹ́ ẹgbẹ́ tí wọ́n bí, wọ́n ń bá àwọn olórí rẹ̀ jà. Ilé tí onílé kò gbé, ayálégbé ní í sọ ara rẹ̀ di onílé níbẹ̀.

Bí Gani ṣe ṣe é ló wù mí kí ẹ wò. Ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹwàá 1994 ló kéde ẹgbẹ́ rẹ̀, nígbà tí Abacha ti fòfin de òṣèlú. Kò bẹ̀bẹ̀ fún ìwé ẹ̀rí. A ń ṣèpàdé nínú ṣọ́ọ̀bù tẹ́lọ̀, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo máa ń jókòó sí, ẹnì kan a sì máa ṣọ́ òde. Ọdún mẹ́jọ ni ẹgbẹ́ fi wà kí INEC tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2002, lẹ́yìn tí àwa àti àwọn ẹgbẹ́ yòókù gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́. Ní Oṣù Kìíní 2003, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní INEC kò láṣẹ láti fi ìdènà tí kò sí nínú ìwé òfin kún un. Ẹgbẹ́ ti jẹ́ ẹgbẹ́ kí wọ́n tó ní kó jẹ́ ẹgbẹ́. Ìyẹn ni mo pè ní dídá dúró.

Ibi tí àwa náà ti kùnà rèé. Ọjọ́ kọkàndínlógún Oṣù Kẹrin 2003, Gani díje fún ààrẹ, èmi ni mo ṣe éjẹ́ǹtì lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ìbò mẹ́sàn-án la ní. Mo mọ mẹ́fà: tèmi, ti ọkọ mi, ti àwọn kọ́mírédì mẹ́rin. Ta ni àwọn mẹ́ta yòókù? Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ó pẹ́ kí n tó rí ọ̀kan, ìyá tó ń ta èkuru ní gáréèjì, ó ní òun gbọ́ ọ lórí rédíò tí Gani ń sọ pé ìṣẹ́ kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Ìkejì jẹ́ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ní rélùwéè, tí wọn kò san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Bàbá náà bi mí pé, "Ibo lẹ ti wà? Ẹnikẹ́ni nínú yín kò wá kí mi rí." Mi ò rí ẹnì kẹta títí di òní.

Ó lé ní ọdún mẹ́jọ tí a fi ń ṣèpàdé, bàbá yẹn ń gbé òpópónà kejì sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́lọ̀ wa.

Nítorí náà, ní àpérò yín, má jẹ́ kí wọ́n dìbò lórí INEC bẹ́ẹ̀ ni tàbí INEC bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọdún kan ni ẹ ó fi jà lórí ìyẹn. Gbé àbá míràn kalẹ̀: pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹgbẹ́ òṣèlú ni yín, pẹ̀lú orúkọ tiyín, àpò owó tiyín, ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ tí kò ní jáde kúrò lọ́wọ́ akọ̀wé, bó jẹ́ ààrẹ orílẹ̀-èdè ló wá béèrè rẹ̀. Kí ẹ mú wọ́ọ̀dù méjì péré, ọ̀kan n'Ífẹ̀, ọ̀kan níbi tí àwọn tẹ́lọ̀ yín pọ̀ sí n'Íbàdàn. Kí ẹ̀yin 140 mọ gbogbo ojúlé ibẹ̀ bí mo ṣe mọ yàrá ìkàwé mi. Kí ẹ sì máa kọ̀wé sí àwọn ẹgbẹ́ tó jọ yín ní ìpínlẹ̀ míràn, kí 24 yẹn lè pé pẹ̀lú èèyàn tòótọ́. Lula àti àwọn òṣìṣẹ́ irin São Paulo ní Brazil dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1980 lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ ọdún bíi méjì. Ó díje fún ààrẹ ní 1989, 1994 àti 1998, kò wọlé, 2002 ló tó wọlé. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn.

Bí ìdìbò bá dé kí ẹ tó ní ìwé ẹ̀rí, tí ẹgbẹ́ kékeré kan tó ní i bá fẹ́ bá yín rìn, ẹ lọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀wọ́ kan, pẹ̀lú àdéhùn tí ẹ kọ sílẹ̀: ẹ̀yin lẹ ó yan ẹni tí yóò díje ní wọ́ọ̀dù yín. Bí wọn kò bá buwọ́ lù ú, ẹ padà sílé. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àga gómìnà tàn yín. Balarabe Musa wọlé gómìnà Kaduna lábẹ́ PRP ní 1979, èèyàn gidi ni, ó pa owó orí àwọn tálákà rẹ́. Ṣùgbọ́n NPN, ẹgbẹ́ tó ń ta kò ó, ló pọ̀ jù ní ilé ìgbìmọ̀. Wọn kò jẹ́ kó yan kọmíṣọ́nnà, wọ́n sì yọ ọ́ ní Oṣù Kẹfà 1981.

Mi ò ní parọ́ fún ọ pé wọ́ọ̀dù rọrùn. Àjọ ìpínlẹ̀ ló ń ṣètò ìdìbò kánsù, ẹgbẹ́ tó bá sì wà nílé gómìnà ló sábà máa ń kó gbogbo rẹ̀. Wọ́n lè yí ìbò yín. Bí ó ti wù kó rí, ó sàn kí wọ́n yí 900 ju kí wọ́n ka mẹ́sàn-án fún yín láìṣe èrú. Ẹni 900 á jáde wá béèrè.

Ìbéèrè kejì

Ìyá Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ọkọ mi wà nínú irú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti òṣèlú yìí. Kò kí ń mutí, kì í sì í wá obìnrin, ṣùgbọ́n ní táàmù tó kọjá, ó kó lára owó ilé-ìwé ọmọ fún wọn. Tí mo bá sọ̀rọ̀, á ní mi ò lóye ìjàgbara.
— Ìyá Ìbejì, Ìkirè

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yin lẹ lóye ìjàgbara. Ẹgbẹ́ tó ń jà pé kí ọmọ tálákà lọ sílé-ìwé kò gbọdọ̀ gba owó ilé-ìwé ọmọ tálákà. Owó oṣù ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kéré tó ohun tí oníṣẹ́ ọwọ́ lè san láìjẹ gbèsè, kó sì ní rìsíìtì. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnì kan ti ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, tàbí ìtìjú ló mú un san.

Ẹ má bá a jà nílé. Ẹ ní ẹ fẹ́ tẹ̀lé e lọ sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ wọn títí wọn yóò fi dé orí ọ̀rọ̀ owó, kí ẹ wá dìde, kí ẹ ní kí akápò ka ìwé owó sí etí gbogbo èèyàn. Bí wọ́n bá kà á, tí ẹ sì rí i pé owó náà délẹ̀ níbi tí wọ́n ní ó dé, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí tí kò fi sí ìyàwó ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ wọn. Bí wọ́n bá kọ̀ láti kà á, ẹ kọ̀wé sí mi padà, kí ẹ sì kọ orúkọ ìlú tí wọ́n ti ń ṣèpàdé sí i. Ìkirè kò jìnnà sí mi. Mo máa bá yín lọ.